Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Pápákọ̀ Òfurufú Wo Ni Kí Oníṣòwò Gbà?

 Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà ti wù kí ó pọ̀ tó, ọ̀kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ ènìyàn lè tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣòwò tí ó bá dúró pẹ́ ní oríta, tí kò mọ ibi tí yóò yà sí, ọjà lè tú kí ó tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ oríta yìí ni ó délẹ̀ lónìí. Bí pápákọ̀ òfurufú méjì tàbí mẹ́ta bá wà ní àrọ́wọ́tó ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e kiri nígbà gbogbo, èwo ni kí ó gbà?

Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò ńlá tí ó wà ní Ìkẹjà, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní ọdún 1976. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá bá sọ pé òun ń lọ wọ bàálù, Ìkẹjà ni ọkàn àwọn olùgbọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà nìkan kọ́ ni ó wà. Alákìá wà ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè ní ọdún 2023. Ìlọrin ní tirẹ̀, Àkúrẹ́ ní tirẹ̀. Ní ọdún 2025, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn kọ́ sí àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ní Rẹ́mọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ọ̀nà ti di púpọ̀. Ìmọ̀ràn ni ó kù.

Ẹ fi ojú inú wo obìnrin oníṣòwò kan ní Ìbàdàn ní ọdún 2022. Bódìjà ni ilé rẹ̀ wà. Ohun èlò ilé ìwòsàn ni ó ń tà. Àbújá ni àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀ sí, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń lọ síbẹ̀ lóṣù. Bàálù tí ń lọ sí Àbújá ń gbéra ní Alákìá, nínú ìlú tirẹ̀. Ó sì ń gbéra ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n kí ó tó dé Ìkẹjà, yóò kọ́kọ́ tọ ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, èyí tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 127 kìlómítà. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ yóò ní kí ni ó tún kù tí ó ń rò? Ta ni yóò fi kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sílẹ̀ lọ pọnmi ní òpin ìlú? Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ń fi Alákìá sílẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní wíwọ̀n ni àkókò, láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà ibi tí iṣẹ́ wà. Láti Ìkẹjà tàbí láti Alákìá, nǹkan bíi wákàtí kan náà ni bàálù ń lò lójú òfurufú kí ó tó dé Àbújá. Orí ilẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń tún ọ̀nà márosẹ̀ náà ṣe, iṣẹ́ kò sì tíì parí ní ọdún 2022 tí à ń sọ yìí. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìbàdàn láàárọ̀ lè rìn geere dé Mowé, kí ọkọ̀ sì wá tò bí èèrà láti Ìbàfò títí dé Kárà àti Bọ́gà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ bàálù àkọ́kọ́ ní Ìkẹjà, yálà kí ó rin ìrìn òru, tàbí kí ó lọ sùn ní Èkó láti ọjọ́ tí ó ṣáájú.

Ohun kejì ni owó. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, nítorí ọ̀wọ́n epo, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú abẹ́lé sọ owó ìwọkọ̀ tí ó kéré jù lọ di 50,000 náírà. Láti ìgbà náà, iye tí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni ojú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wò. Àṣìṣe gbáà ni. Ẹni tí ó bá rí tíkẹ́ẹ̀tì Ìkẹjà tí ó fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan dín sí ti Alákìá, kí ó ro epo ọkọ̀ ní àlọ àti àbọ̀ mọ́ ọn. Kí ó ro owó awakọ̀, owó ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí, owó ilé ìtura, àti oúnjẹ àárín ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, kí ó ro odindi ọjọ́ kan tí kò sí ní ìsọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán ni yóò mọ èyí tí ó wọ́n nínú méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ pé àkókò àti owó nìkan ni, Alákìá ì bá borí láìjanpata. Ṣùgbọ́n ohun kẹta wà, òun gan-an sì ni kókó ọ̀rọ̀ yìí: ìyẹn ni iye ìgbà tí bàálù ń gbéra. Ní Ìkẹjà, láti kùtùkùtù títí di alẹ́, bàálù oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ni ó ń lọ sí Àbújá. Bí ọ̀kan bá kùnà, òmíràn wà. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní Alákìá, ìba díẹ̀ ni ó ń gbéra lójúmọ́. Bí àdán bá kọ̀, òòbẹ̀ kò sí.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èrò kò mọ̀. Bàálù kì í sábà sùn ní pápákọ̀ kékeré. Èkó tàbí Àbújá ni ibùdó rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti wá kó àwọn èrò Ìbàdàn. Bí ohun kan bá dá a dúró níbi tí ó ti ń bọ̀, ìbá à jẹ́ ẹ̀rọ, ìbá à jẹ́ epo, ìbá à jẹ́ ọyẹ́, àwọn tí ó jókòó sí Alákìá ni yóò jìyà rẹ̀, bí ojú ọ̀run Ìbàdàn tilẹ̀ mọ́ kedere.

Ẹ wá wo obìnrin oníṣòwò yẹn ní ọjọ́ kan. Ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi ń du iṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa. Agogo méjìlá ọ̀sán ni wọn yóò ti àpótí. Òfin ríra ọjà ìjọba ti ọdún 2007 kò gba ìwé tí ó bá dé lẹ́yìn àkókò, ì bá ṣe ìṣẹ́jú kan. Ó ti wà ní Alákìá láti agogo mẹ́fà ààbọ̀. Ní agogo mẹ́jọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Ní agogo mẹ́sàn-án, sùúrù náà ni. Ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀, wọ́n fagi lé ìrìn-àjò náà. Kò sí ọ̀nà Ìkẹjà tí ó lè gbé e dé Àbújá mọ́ kí agogo méjìlá tó lù. Ó gbé àpò ìwé náà padà sílé bí ó ti gbé e jáde. Òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni ó ń retí iṣẹ́ yẹn. Ó di dandan kí ó dá méjì nínú wọn dúró kí ọdún tó parí.

Ṣé Alákìá ni kí a dá lẹ́bi? Ẹ má yára. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, obìnrin náà ní òun kò tún ní fi ara wewu mọ́, ó sì gba Ìkẹjà. Tírélà kan dábùú ọ̀nà nítòsí Kárà. Inú ọkọ̀ ni ó jókòó sí tí bàálù rẹ̀ fi gbéra lọ. Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní ewu tirẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe, “Pápákọ̀ wo ni ó dára jù?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, “Kí ni yóò bàjẹ́ bí mo bá pẹ́?” Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni pípẹ́ yóò ná oníṣòwò, kí ó gba èyí tí ó sún mọ́ ilé, kí ó sì fi ara balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ni yóò bọ́, kí ó ṣì gba èyí tí ó sún mọ́ ilé, ṣùgbọ́n kí ó lọ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni pé bí bàálù Alákìá bá kùnà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyókù ọjọ́ ṣì wà fún un láti lọ sí Ìkẹjà tàbí Ìlọrin. Owó ilé ìtura alẹ́ kan ní Àbújá kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí ó bọ́.

Àbọ̀ tún ní ìṣirò tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pápákọ̀ ojúmọmọ ni Alákìá. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bàálù kì í bà síbẹ̀. Ẹni tí ìpàdé rẹ̀ bá parí ní ìrọ̀lẹ́ ní Àbújá, Ìkẹjà nìkan ni ó lè padà sí. Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Yóò dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì máa fà á sílé. Òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Tírélà tí kò ní iná lẹ́yìn àti awakọ̀ tí oorun ń kùn kò mọ̀ pé ìpàdé Àbújá yọrí sí rere. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn ní Èkó kí ó sì padà sílé ní àárọ̀. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín Èbúté Mẹ́ta àti Mọníyà ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ń dúró ní Agége, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó ń rìn lójúmọ́; ẹni tí ó bá fẹ́ gbára lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àkókò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ náà kò ṣe é fojú fò. Ní oṣù kejì ọdún 2020, eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run Èkó, ẹ̀rọ tí ń tọ́ awakọ̀ òfurufú sọ́nà sì wà lẹ́nu àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ bàálù tí ó ń bọ̀ láti òkè òkun ni ó lọ já èrò sí Àkírà ní ilẹ̀ Gánà. Bí Ìkẹjà tí ó jẹ́ àgbà bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí pápákọ̀ kékeré ṣe? Ní àsìkò ọyẹ́, kí oníṣòwò má ṣe fi ìpàdé pàtàkì sí ọjọ́ kan náà tí yóò rìn, ibi yòówù kí ó ti gbéra.

Ibi tí ènìyàn ń lọ pàápàá lè yí padà. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n ti pápákọ̀ Àbújá pa fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí bàálù ń sá lé níbẹ̀ ti bàjẹ́. Kàdúná ni gbogbo èrò ń sọ̀ sí, kí wọ́n tó gba orí ilẹ̀ lọ sí Àbújá. Àwọn tí ó ti mọ ọ̀nà Kàdúná tẹ́lẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dààmú bí àwọn tí kò mọ ju ọ̀nà kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe jẹ́ kí ààlà ìpínlẹ̀ dè é. Fún ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin sún mọ́ ju Ìbàdàn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Kwara ni Ìlọrin wà. Ará Ilé-Ifẹ̀ wà láàárín Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Ará Ìjẹ̀bú-Òde yóò fẹ́ wo ti Rẹ́mọ wò. Kí oníkálukú ra ìwé kékeré kan, kí ó máa kọ àkókò tí ó kúrò nílé sí i, àkókò tí wọ́n ṣe ìlérí, àkókò tí bàálù gbéra ní tòótọ́, àti gbogbo owó tí ó ná. Lẹ́yìn ìrìn-àjò mẹ́wàá, ìwé yẹn yóò sọ òtítọ́ fún un ju ẹnu ọ̀rẹ́ àti ẹnu akéde lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ń rán ènìyàn níṣẹ́. Ọ̀gá tí ó ní kí òṣìṣẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì tí ó dínwó jù lọ, tí kò béèrè bí ẹni náà yóò ṣe débẹ̀ àti bí yóò ṣe padà sílé lóru, owó ni ó ṣírò, kò ṣírò ènìyàn. Fún ìjọba náà, ilé èrò tí ó ń dán nìkan kò tó. Èrò ń sá fún pápákọ̀ kékeré nítorí pé bàálù kò pọ̀ níbẹ̀; àwọn oníbàálù ń sá fún un nítorí pé èrò kò pọ̀. Iná tí bàálù fi lè bà lálẹ́ àti ẹ̀rọ tí ó lè tọ́ ọ sọ́nà nínú ọyẹ́ ni ó lè já okùn yìí.

Obìnrin oníṣòwò Bódìjà ṣì ń lọ sí Àbújá. Alákìá ni ó sábà ń gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé pàtàkì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ kan ṣáájú ni ó ń lọ, àpò ìwé náà sì máa ń wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ní Àbújá mọ́jú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; ẹni tí ó bá tètè jí ni ó ń rí àyè yan èyí tí ó wù ú.