Ẹ Wo Ojú Táyà Kí Ẹ Tó Bá Awakọ̀ Jà

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gẹ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Bí ìkórè dára títí, bí kò bá sí ohun tí yóò gbé e dé ọjà, inú oko náà ni tòmátì yóò rà sí.

Ẹgbẹ́ kan wà tí a ṣe àbẹ̀wò sí. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan tí wọ́n fi ń kó gbágùúdá àti ata lọ sọ́jà. Wọ́n ra táyà iwájú méjì sí i, tuntun gidi, kì í ṣe tòkunbọ̀. Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí wáyà fi yọ lára táyà méjèèjì. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé, ariwo sọ. Àwọn kan ní awakọ̀ ti ta táyà ẹgbẹ́, ó ti fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní eré àsápajúdé ló ń sá. Wọ́n dá owó oṣù ọmọ náà dúró, wọ́n sì bu owó lé olúkúlùkù lórí láti ra táyà mìíràn. Màmá kan tó ń ta ẹ̀lúbọ́ ló dìde tó béèrè pé, "Bó bá jẹ́ pé ó pààrọ̀ rẹ̀ ni, kí ló dé tí etí òde táyà náà ṣì dà bí tuntun?"

Kò sẹ́ni tó lè dá màmá lóhùn. Lóòótọ́, etí inú nìkan ló jẹ tí ó fi kan wáyà. Etí òde ṣì ní ìlà ojú rẹ̀ pé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Táyà wọ́n, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, nítorí ibi tí ó ti jẹ ni yóò sọ ohun tó jẹ ẹ́.

Ẹ wo bàtà ẹni tó máa ń da ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń rìn. Gìgísẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò rí. Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síwájú bákan náà. Bí iwájú wọn bá ń wo ara wọn jù, etí òde táyà ni yóò máa jẹ. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, tí ọ̀kan ń wo igbó ọ̀tún, tí èkejì ń wo igbó òsì, etí inú ni yóò jẹ. Mọ́tò kò lè pín sí méjì, nítorí náà àwọn táyà náà yóò máa rìn síwájú, wọn yóò sì máa fi ẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀. Ọ̀dà títì yóò wá máa rin wọ́n bí ìgbà tí a ń rin gbágùúdá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní táyà yín ga tó sẹ̀ǹtímítà 65 láti ilẹ̀ dé òkè rẹ̀. Ká ní iwájú táyà méjèèjì fi mílímítà 6 jìnnà síra ju ẹ̀yìn wọn lọ. Mílímítà 6 kò tó ìdajì ìbú èékánná àtàǹpàkò ọ̀pọ̀ nínú wa. Síbẹ̀, nínú kìlómítà 1 tí ọkọ̀ bá rìn, táyà kọ̀ọ̀kan yóò ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀ tó mítà 4 sí 5. Bí àlọ àti àbọ̀ ọjà yín bá jẹ́ kìlómítà 100, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ wọ́lẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì kìlómítà. Ẹ̀ńjìnnì ló ń fa gbogbo wíwọ́ yẹn, epo yín ló sì fi ń fà á.

Kí wáyà tó yọ, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà láti etí òde wá sí etí inú, kí ẹ tún rà á padà. Bí ó bá ń yọ̀ lápá kan, tí ó wá ń ha yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn bí ẹ bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò tò mọ́. Ẹ ṣọ́ra o, bí wáyà bá ti yọ, yóò gé yín lọ́wọ́.

Kì í ṣe gbogbo jíjẹ ni ti ẹsẹ̀ tí kò tò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, etí rẹ̀ méjèèjì ni yóò jẹ. Èyí tí afẹ́fẹ́ pọ̀ jù nínú rẹ̀, àárín ni yóò pá. Bí ojú táyà bá rí kòtò gegele, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì tó ń gba gbígbọ̀n ọkọ̀, bóyá ó ti kú. Bí ó bá sì jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló jẹ ní etí kan, tó sì ń dán, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ náà ti dagun, bí ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò tí irin rẹ̀ sì tẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe wọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín fúnra yín. Téèpù, ẹfun àti ènìyàn mẹ́ta tó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kọnkéré tí ẹ ń sá kòkó sí dára púpọ̀. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí sítíárìn wà láàárín, kí ẹ sì ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí àárín ojú táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ní apá ẹ̀yìn táyà náà. Kí àmì méjèèjì ga bákan náà sílẹ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ agbedeméjì táyà níwọ̀n ibi tí irin abẹ́ ọkọ̀ kò ti ní dí téèpù lọ́wọ́. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá ti ọkọ̀ síwájú títí àmì kan náà yóò fi yí bọ́ sí iwájú táyà, ní gíga tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n. Bí ti iwájú bá kéré sí ti ẹ̀yìn, wọ́n ń wo inú. Bí ó bá pọ̀ jù ú lọ, wọ́n ń wo òde. Ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì í ni wọ́n ṣe kí ó máa wo inú ní mílímítà díẹ̀, nítorí pé bí ó bá ń sáré, ọ̀nà yóò máa tì í síta. Ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sọ iye rẹ̀ gan-an.

Téèpù kò lè rọ́pò ẹ̀rọ àwọn tó ń ṣe aláíńmẹ́ǹtì, nítorí kò lè rí ẹsẹ̀ tó dagun. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá ó yẹ kí ẹ lọ, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe òpè bí ẹ bá dé ọ̀hún.

Kí ẹ tó lọ, ohun kan wà tó ń ba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Bí oríkèé irin tó ń darí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti jò, aláíńmẹ́ǹtì tí ẹ ṣe lówùúrọ̀ yóò ti bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan, ẹ sì fi ìtì igi gidi gbé abẹ́ rẹ̀ ró. Kí ẹnikẹ́ni má ki orí bọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ di táyà mú ní ọ̀tún àti òsì, ẹ mì ín. Bí ó bá ń ṣe gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, oríkèé sítíárìn ni kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ wò. Ẹ dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ tún mì ín. Bí ó bá mì, ẹ jẹ́ kí ó wo bíárìn àti bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì. Ẹ pààrọ̀ èyí tó bá jẹ kí ẹ tó to ẹsẹ̀.

Fọkanáísà lè ní kí òun yí táyà náà padà lórí ríìmù, kí etí tó ṣì dára lè bọ́ sí inú. Kò burú, bí wáyà kò bá tíì yọ, tí kò sì sí àmì tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni táyà náà gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ṣùgbọ́n etí kejì ni ẹ gbé fún un jẹ yẹn, bí ẹsẹ̀ kò bá tò.

Nígbà tí wọ́n gbé píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ yẹn sókè, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Oríkèé sítíárìn ti jò pátápátá. Awakọ̀ wá rán wọn létí pé láti ìgbà òjò lòun ti ń sọ pé ọkọ̀ ń fa òun lọ́wọ́. Akọ̀wé ṣí ìwé ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí owó rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà, wọ́n to ẹsẹ̀ ọkọ̀, owó tí wọ́n ti bu lé ara wọn lórí ni wọ́n fi ra táyà. Ojú ìpàdé ni wọ́n ti san owó oṣù méjì fún ọmọ náà, alága sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà nínú ọkọ̀ náà báyìí, tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà iwájú àti ti ẹ̀yìn sí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan. Màmá ẹlẹ́lùúbọ́ ni wọ́n ní kó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ọ̀rọ̀ àká àgbàdo ni a ó gbé wá.