Yíyan Sípíríǹgì fún Ọkọ̀ Tó Ti Pẹ́

Irin lílọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí: sípíríǹgì tí ó gbé ọkọ̀ yín dúró. Irin yìí ni ó ń tẹ táyà mọ́ ilẹ̀. Bí ó bá ti kú, búréèkì kò ní ríbi dì mú dáadáa, ọkọ̀ yóò sì máa yẹ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí á mú Agbogbloshie ní ìlú Accra bí àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń tú ọkọ̀ àjákù palẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá odò Odaw. Ìjọba wó ibẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021. Àwọn oníṣẹ́ náà tú ká, àwọn mìíràn sì tún pàtẹ ní Old Fadama tí kò jìnnà. N kò kẹ́gàn ọjà wọn o. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún kì í sábà rí tuntun rà. Ṣùgbọ́n irú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń fi táyà dáná sun wáyà kí bàbà inú rẹ̀ lè yọ. Sípíríǹgì tí iná bá ti mú pupa ti pàdánù agbára rẹ̀. Ó lè dúró ṣinṣin lórí àtẹ, kí ó sì tẹ̀ wọlẹ̀ láìpẹ́ lábẹ́ ẹrù. Èyí tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti jóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Bákan náà ni èyí tí ìpẹtà ti jẹ ní kòtò wẹẹrẹ, nítorí ojú kòtò bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń kán.

Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà. Ẹ má fi gíga rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, torí ó ti rọlẹ̀. Ẹ ka iye ìlọ́ rẹ̀, kí ẹ sì wọn bí irin rẹ̀ ṣe nípọn tó. Ojú lásán kò tó. Bí irin kan bá jẹ́ mìlímítà 12, tí èkejì jẹ́ 13, tí gbogbo ìyókù sì bára mu, èkejì yóò fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ le ju èkíní. Ẹ bèèrè irú ọkọ̀ tí a ti tú u pẹ̀lú: sípíríǹgì ẹ̀yìn Peugeot 504 onísálúùnù kì í ṣe ti 504 akérò, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì dísù a máa wúwo ju ti pẹtiróòlù.

Àwọn kan a máa gé ìlọ́ kan kúrò kí ó lè wọlé. Ọkọ̀ yóò lọ sílẹ̀, yóò sì tún le koko sí i, ẹnu ibi tí a gé kò sì ní jókòó dáadáa.

Méjì-méjì ni kí ẹ rà á, ọ̀tún pẹ̀lú òsì, láti ara ọkọ̀ kan náà. Ìwọ awakọ̀, ọ̀gá tí ó ni ọkọ̀ yóò sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ó kán, kí o ra ọ̀kan. Òun kọ́ ni yóò jókòó sídìí ọkọ̀. Fi ọ̀wọ̀ kọ̀ fún un, kí o sì tètè mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè fò jáde kí ó sì pa ènìyàn. A kì í fi okùn tàbí wáyà dì í. Irin ìfúnpọ̀ méjì tí ó dọ́gba ni kí ẹ lò, kí ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ojú ẹnikẹ́ni má sì ṣe wà ní ọ̀kánkán rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi méjèèjì sí i tán, ẹ wọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ dé etí bọ́dì lókè táyà, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó tó gbé èrò.