Ìwọ̀n Oògùn àti Kíndìnrín Ọmọdé



Àmánà ni ọmọ lọ́wọ́ òbí, a kì í sì í fi àfojúdá tọ́jú àmánà. Síbẹ̀, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ìgò parasitamọ́ọ̀ ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń kàn. Ìyá á fún un ní ṣíbí kan; bí ibà kò bá tètè lọ, ìyá àgbà á tún fún un ní òmíràn, láìbèèrè ohun tí ọmọ ti mu. Ìfẹ́ ni ó fà á, ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́.

Parasitamọ́ọ̀ tí ó bá pọ̀ jù a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú. Mílígíráàmù 10 sí 15 ni ìwọ̀n rẹ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n. Ó kéré tán, kí wákàtí mẹ́rin kọjá kí a tó tún un fún un, kí ó má sì ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24. Èyí tí à ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu le ju ti ṣíbí lọ. Ẹni tí ó bá fi ṣíbí wọn ọ́n lè fún ọmọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ibuprofen ní tirẹ̀ lè dín ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí kíndìnrín kù. Bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru tí ó sì ń bì, tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, ewu náà di ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má fún un láìbèèrè lọ́wọ́ dókítà.

Nígbà mìíràn, inú ìgò gan-an ni májèlé wà. Ní ọdún 1990, ní Ìbàdàn àti ní Jos, ọ̀pọ̀ ọmọdé kú lẹ́yìn tí wọ́n mu omi parasitamọ́ọ̀ tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Láàárín 2008 sí 2009, májèlé yìí kan náà wà nínú oògùn eyín híhù tí a ń pè ní My Pikin. Ó kéré tán, ọmọ 84 ni ó kú. Kíndìnrín wọn ni ó dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọn kò lè tọ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ̀wé, ẹ máa ka ara ìgò fún ìyá àti ìyá àgbà. Ẹ kọ wákàtí tí ọmọ lo oògùn sórí ìwé. Ife ìwọ̀n tí ó bá ìgò wá ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ẹ ra oògùn lọ́wọ́ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri nínú ọkọ̀.

Bí ọmọ bá mu àmujù, ẹ má dúró de àmì. Ara rẹ̀ lè dá ṣáká lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Bí kò bá tọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ mú ìgò náà dání. Àkúrẹ́ àti Oǹdó ní ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ, Oǹdó sì ní ilé ìtọ́jú kíndìnrín. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ẹnu ọ̀nà wọn ni òbí yóò ti kọ́ ìwọ̀n oògùn.

Kí Ọlọ́run bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.