Kí Ló Pa Á? Ọ̀rọ̀ lórí Ikú Àwọn Ẹni Ńlá



Àríyànjiyàn lórí ohun tí ó pa ẹni ńlá kì í ṣe nǹkan àjèjì láàárín wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ‘Ọba kò so’, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ikú ni. Àwọn kan ní Ṣàngó so. Àwọn tirẹ̀ ní irọ́ ni, ọba kò so. Láti ìgbà náà wá ni a ti ń rò ó, kò sì sí ẹni tí ó lè yẹ òkú náà wò mọ́.

Ní Òṣogbo níbí ni Dúró Ládiípọ̀ ti sọ ẹjọ́ yìí di eré orí ìtàgé tí ó gbé dé Berlin ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 1978 ni òun náà jáde láyé, kò sì tíì darúgbó. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n mọ ìgbà náà léèrè ohun tí ó pa á. Ọ̀rọ̀ Ṣàngó ni ẹ óò gbọ́, ọ̀rọ̀ ààrá, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbé òrìṣà wọ̀ títí òrìṣà fi mú un lọ. Àìsàn kì í sí nínú ìtàn náà. Kò yà mí lẹ́nu, nítorí àwọn baba wa ti wí pé ikú ogun ní í pa akíkanjú, ikú odò ní í pa òmùwẹ̀. A fẹ́ kí ikú ẹni ńlá jọ iṣẹ́ tí ó fi di ẹni ńlá. Ikú tí kò bá jọ ọ́, a ó wá ẹni tí ó fi í ṣe é.

Ìbéèrè méjì ni mo fẹ́ kí a yà sọ́tọ̀ lónìí: ‘Ta ló pa á?’ àti ‘Kí ló pa á?’ Nílé wa, èkíní ni a máa ń bi ara wa. Iṣẹ́ oníṣègùn ni èkejì.

Ẹ má bínú bí mo bá mú ọ̀rọ̀ ilé ara mi wọ̀ ọ́. Àbúrò bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé ní Iléṣà, ẹni tí àdúgbò ń bẹ̀rù tí wọ́n sì ń fẹ́ràn. Ní ọjọ́ Sátidé kan ní ọdún 1984, ó jẹ ẹ̀kọ láàárọ̀, ó ṣubú lọ́sàn-án, kò sì rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àwa ọmọdé ilé ń pè ní Màmá, ti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin jà ní àná ọjọ́ náà. Ẹ mọ òwe tí ó tẹ̀ lé e: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Kí wọ́n tó fi erùpẹ̀ bo òkú tán, Màmá ti di àjẹ́. Kò lo oṣù mẹ́ta mọ́ nínú ilé náà tí ó fi kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. N óò padà sórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ikú kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ojú ara wa rí bí ó ti rí. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2017, Sẹ́nétọ̀ Isiaka Adeleke ti Ẹdẹ kú ní ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹni ọdún 62 sì ni. Ìbò gómìnà ọdún 2018 ti ń sún mọ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kí oòrùn tó wọ̀ ni ìròyìn ti kárí: wọ́n fún un ní májèlé jẹ. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ Ẹdẹ gidigidi, àwọn kan sì ti ń dárúkọ ẹni tí wọ́n rò pé ó ṣe é.

Ohun méjì ni ó gba ìlú náà lọ́wọ́ ìjà. Èkíní ni pé wọ́n yẹ òkú náà wò kí wọ́n tó sin ín, ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti LAUTECH ní Òṣogbo, tí ó ti di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun báyìí. Èkejì ni pé Gómìnà Rauf Aregbesola, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ adájọ́ májísíréètì láti wádìí ikú náà ní gbangba. Ìdílé kò fi gbogbo ara gba ìwádìí yìí, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò fẹ́ kí a máa to ìfun ọmọ òun kalẹ̀ níwájú ayé? Ṣùgbọ́n ohun tí ìgbìmọ̀ náà gbọ́ kò jọ ohun tí a ń sọ ní ìgboro. Ẹsẹ̀ ni ó ń dun Sẹ́nétọ̀. Ẹnìkan tí ó máa ń tọ́jú rẹ̀ wá sí ilé, ó sì fún un ní oríṣiríṣi abẹ́rẹ́. Pentazocine, tí í máa pa ìrora, wà nínú wọn. Diazepam, tí í máa mú ènìyàn sùn, wà nínú wọn pẹ̀lú. Ìgbìmọ̀ náà parí rẹ̀ sí pé oògùn tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni ó pa á.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí oògùn méjèèjì yìí kò ṣòro láti rí rà láàárín wa. Apá kan wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ tí í máa rán àyà létí pé kí ó mí. A kì í rò ó, a kì í pàṣẹ fún un. Bí a tilẹ̀ sùn, kì í sùn. Pentazocine lè mú kí apá náà ṣe ọ̀lẹ. Diazepam náà lè mú kí ó ṣe ọ̀lẹ. Bí a bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì pọ̀, ẹni náà yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tí ara rọ̀. Àwọn tí ó yí i ká yóò máa dúpẹ́ pé ìrora ti lọ. Mímí rẹ̀ yóò máa jìnnà síra. Nígbà tí wọn yóò bá fi mọ̀ pé kì í ṣe oorun, ó lè ti pẹ́ jù.

Ẹ kíyè sí i pé bí ìwádìí náà kò bá wáyé, ẹnìkan ìbá jẹ́ apànìyàn lójú àwọn ará Ẹdẹ títí di òní, abẹ́rẹ́ ilé yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe gómìnà nìkan ni à ń gún ní abẹ́rẹ́ nínú yàrá.

N kò ní sọ pé ìdáhùn oníṣègùn parí gbogbo ẹjọ́. Nígbà tí Olóyè M. K. O. Abíọ́lá kú ní Àbújá ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998, àwọn oníṣègùn wá láti Kánádà, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà láti yẹ òkú rẹ̀ wò. Wọ́n ní àrùn ọkàn tí ó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni. Títí di òní, ife tíì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ. Ní tèmi, mo gba ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn náà. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ń ṣàìsàn, tí a há mọ́ àtìmọ́lé fún ọdún mẹ́rin, ǹjẹ́ a lè dárúkọ àrùn náà kí a má dárúkọ àtìmọ́lé? ‘Kí ló pa á’ kì í pa ‘ta ló pa á’ rẹ́ nígbà gbogbo. Ohun tí mo ń sọ ni pé òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Ẹni tí ó ṣe èyí tí mo gbé gẹ̀gẹ̀ jù lọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé, tí ó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera. Fẹlá, àbúrò rẹ̀, kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997, ní ẹni ọdún 58. Ní ọjọ́ kejì, Olikoye jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àrùn AIDS ni ó fa ikú àbúrò òun. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé àrùn náà kò sí, pé àlá àwọn òyìnbó ni. Àwọn ẹlòmíràn gbà pé ó wà, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. ‘Àìsàn ránpẹ́’ ni a máa ń kọ sínú ìwé ìròyìn. Ìbá rọrùn fún Olikoye láti kọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé orúkọ ìdílé òun ni yóò gba àbùkù náà.

Àwọn tí a mẹ́nu bà wọ̀nyí, ẹni ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn tí kò lórúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ jàǹfààní ìbéèrè yìí. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, láti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń tẹ̀ lé ìdàgbàsókè àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ láti ìgbà tí a bí wọn. Bí ọmọ kan bá kú, a kọ ohun tí ó pa á sílẹ̀. Àbíkú ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń jẹ́: èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru, àìjẹunkánú. Àwọn ìyá ń mú káàdì lọ́wọ́, tí a ń fi ìlà kọ bí ọmọ ti ń wúwo sí lóṣooṣù, irú káàdì yìí sì ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Ikú àwọn ọmọ náà dínkù. A kò lé àjẹ́ kankan ní Ìmẹ̀sí-Ilé kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ káàdì ni ó dá mi padà sórí Màmá. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ń tún òrùlé ilé náà ṣe ní Iléṣà, a sì gbé àpótí ìwé àbúrò bàbá mi sọ̀kalẹ̀. Mo rí káàdì ilé ìwòsàn kan láàárín ìwé owó oṣù rẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú ikú rẹ̀ ni ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ sì jẹ́ 220 lórí 130. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, irú èyí tí í máa bẹ́ iṣan nínú ọpọlọ láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ oògùn fún un, wọ́n sì ti sọ ọjọ́ tí yóò padà wá. Kò padà lọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ọ̀gá ilé-ìwé kì í ṣàìsàn.

Mo mú káàdì náà tọ Màmá lọ ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kò sì mọ̀wé. Mo kà á fún un, mo sì ṣàlàyé rẹ̀. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, ‘Ọmọ mi, tún un kà,’ ó sì ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé pé kí wọ́n wá gbọ́.