Ojú Owó, Èrè àti Èlé
Bí oníṣòwò gààrí bá fi ojú owó ₦20,000 ra ọjà, tí ó tà á ní ₦25,000, a máa ń sọ pé ó jèrè ₦5,000. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti àpò, ₦3,000; èrè ku ₦2,000 (a kò tíì mẹ́nu ba oúnjẹ tí ó jẹ lọ́jà). Bí ó bá wá jẹ́ pé ńṣe ni ó yá ojú owó náà, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦10 lórí ₦100, ₦2,000 náà ti di ti olówó èlé. Èsúsú, tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ ní 1921, kò ní èlé: iye kan náà ni ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn ń kó.