Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kó Pẹ́ Jù: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọ Tí Kò Tètè Sọ̀rọ̀

Iṣẹ́ wa ni ríran ọmọdé lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀.

Bí òbí bá mú ọmọ wá sọ́dọ̀ wa, wọn a máa sọ pé, "Bàbá rẹ̀ náà kò tètè sọ̀rọ̀." Lóòótọ́, ọmọ kì í dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọmọ tó pé ọdún kan tí kì í wẹ̀yìn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tàbí tó pé ọdún méjì tí kò lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "Màmá, omi", ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Etí ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe ahọ́n. Ohun tí etí kò gbọ́, ó ṣòro kí ẹnu sọ ọ́. Ibà pọ́njú tó le lára ọmọ tuntun, éèyí àti ṣẹ́gede lè ba etí jẹ́. Àwọn ọmọ kan tí a ń pè ní olóríkunkun, wọn kò gbọ́ràn dáadáa ni. Dókítà tó ń tọ́jú etí wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada. Bí ó bá sì jẹ́ adití, ilé-ìwé adití wà ní Kuje. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní 1960 ni Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọ̀rọ̀ kejì kàn wá gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Ní Dei-Dei níbí, ọmọ ń gbọ́ Gbagyi àti Haúsá ládùúgbò, Píjìn lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì nílé-ìwé. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, àwọn kan a ní kí ìyá rẹ̀ fi Yorùbá sílẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí kò tọ́. Gbígbọ́ èdè púpọ̀ kọ́ ló ń dí ọmọ lẹ́nu. Ìyá tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, bí a bá ní òun ni kí ó máa sọ, díẹ̀ ni yóò sọ, díẹ̀ ni ọmọ yóò sì gbọ́. Èdè tó mọ́ yín lára ni kí ẹ lò. Bí ẹ ti ń wẹ̀ fún un, ẹ máa dárúkọ nǹkan. Ẹ kì í ní oríkì, ẹ pa àlọ́ fún un, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè dáhùn. Ọmọ tí ń kólòlò, ẹ má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ẹgbẹ́ yìí pé, nínú owó tí a óò dá lónìí, kí ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yíyẹ etí àwọn ọmọ wa wò lọ́dọọdún. Ẹ̀yin onípákó ni ẹ mọ igi: láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wa.