Ojú Tó Ti Rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́: Èrò Àgbà Òǹwòran Kan Lórí Fíìmù Àná àti Fíìmù Òní

  

Àwọn àgbà ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, ìran kò lópin mọ́. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé, ó wà lórí fóònù nínú àpò. Ọmọdé ń wò ó lórí ibùsùn, onízémíjàn ń wò ó níbi tó ti ń dúró de èrò. Nítorí náà ni àsọyé ọdún yìí ṣe dá lórí ìbéèrè kan ṣoṣo: kí ni ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń rí nínú fíìmù?

Ìyá kan ni èrò rẹ̀ wà níbí. Ó ti lé ní ẹni ọdún 75. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé láti ìgbà ọmọge ló ti ń ná ọjà Ìlárá, Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta, tó ń ra àdìrẹ bọ̀ wá sí Kétu. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà kò dí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà. Ìyá Aláṣọ fẹ́ràn ìran púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́ wò ó. Á dá ọba inú fíìmù lóhùn, á kìlọ̀ fún ìyàwó tó fẹ́ ṣìnà, á bú ọ̀dàlẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a máa fi í rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ̀ pé bí àwọn àgbà ṣe ń wo Ẹ̀fẹ̀ lóru nìyẹn: ẹni tó ń wòran náà ní ohùn nínú ìran.

Bí fíìmù ṣe dé

Ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Níhìn-ín, ọdún 1978 ni tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀, èdè Faransé ló sì pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò mọ ẹnubodè. Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ní ìhà ààlà a ri ọ̀pá eríàlì mọ́lẹ̀, wọn a yí i sí ìlà-oòrùn, kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá láti òdìkejì. Ilé kan ní tẹlifíṣọ̀n, ogún ilé ló ń wò ó.

Ní 1976, Ọlá Balógun àti Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni Ìjà Òmìnira dé, tí wọ́n mú láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin. Hubert Ògúndé ṣe Aiyé ní 1979, ó ṣe Jáíyésinmi ní 1980. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá aláwàdà, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982.

Nígbà náà, fíìmù kì í sùn sílé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ni ín ló ń gbé e káàkiri nínú ọkọ̀, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Òǹwòran á san owó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ta aṣọ funfun, iná á kú, ariwo á sọ. Abẹ́òkúta ni Ìyá Aláṣọ ti wo Aiyé, ní ọjọ́ tó yẹ kó ti máa bọ̀ nílé. Ó ní ẹrù òun sùn sọ́jà lọ́jọ́ náà, òun kò sì kábàámọ̀.

Ohun tó dára nínú ti àtijọ́, àti ohun tí kò dára

Bí ẹ bá bi Ìyá Aláṣọ pé kí ló mú kí ti àtijọ́ dùn, kò ní sọ pé nítorí pé ó ti pẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Àwọn òṣèré ìgbà náà ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣeré lórí ìtàgé kí wọ́n tó dúró níwájú kámẹ́rà. Ògúndé ti ń ṣeré láti àárín ọdún 1940 sí 1949. Ọ̀rọ̀ ti jinná lẹ́nu wọn kí wọ́n tó bù ú fún aráyé. Òwe ń bọ́ sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. Bí àlejò bá wọlé nínú fíìmù, wọ́n á kí i, wọ́n á fún un lómi, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó bá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá ti kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé pátákó síwájú rẹ̀.

Bàbá Sàlá ni ó fẹ́ràn jù, nítorí pé ó rí Ẹ̀fẹ̀ lára rẹ̀. Ọkùnrin náà wọ jígí ńlá, ó so táì tó tóbi ju ọrùn lọ, ó sọ ara rẹ̀ di ahun àti ọ̀dẹ̀, kí ahun tó jókòó láàárín èrò lè rí ara rẹ̀ láìjẹ́ pé a dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀kọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó sì dùn ún pé Ọ̀run Móoru náà ni àwọn olè dà kọ sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n ń tà á, tí ẹni tó lógún lé e lórí kò rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí Ìyá Aláṣọ kò ti gbà fún àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọkàn àsọyé yìí wà. Nínú Aiyé, Ògúndé ni babaláwo Ọ̀sẹ́tùúrá, tó ń bá àwọn àjẹ́ jà títí tó fi ṣẹ́gun wọn. Iṣẹ́ ńlá ni fíìmù náà, kò sẹ́ni tó lè bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú. Àwọn tó wá lẹ́yìn Ògúndé mú àjẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ kò bí, ìyá àgbà ni. Iṣẹ́ bọ́, ìyá àgbà ni. Ọkọ̀ dànù, ìyá kan tó lérí funfun ni, tó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sí ìdí ògiri.

Kétu kò kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gan-an ni pé agbára wà lọ́wọ́ àwọn ìyá, pé agbára náà lè gbéni, ó sì lè da nǹkan rú, pé a kì í bá wọn jà, ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀ wọ́n. Nítorí wọn ni ọkùnrin ṣe ń de gèlè, tó ń so ọmú igi mọ́yà, tó ń fi ijó pẹ̀tù sí wọn nínú. Òkìkí ìran yìí dé òkè òkun, UNESCO kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé ní 2001. Ìyá Aláṣọ ní nígbà tí òun di arúgbó tán ni òun wá rí i pé òun gan-an ni ẹni tí wọ́n ń lé kiri nínú fíìmù. Kì í ṣe àwàdà. Ìyá tó ń dá gbé, tí kò sí ọmọ nítòsí rẹ̀, fíìmù ti dá a lẹ́jọ́ kí ìlú tó gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ìgbà fídíò

Nígbà tí fídíò gbòde ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ pọ̀, àṣírí owó sì gba inú rẹ̀ kan. Ẹni tó fi ènìyàn ṣoògùn owó á kọ́lé, á ra ọkọ̀, á jayé fún wákàtí kan àtààbọ̀, ìjìyà rẹ̀ kò sì ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ìyá Aláṣọ bi wọ́n léèrè pé: nínú wákàtí kan àtààbọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún, èwo ni ọmọ yóò rántí?

Àwọn kan ṣe dáadáa síbẹ̀. Túndé Kèlání ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993, nípa àwọn tó ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Kò sí ìlú kan láti Ìfànhìn dé Ṣábẹ̀ẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ní 1999, ó ṣe Ṣaworoidẹ, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀. Ọba Lápité gun orí oyè, ó sì kọ̀ láti ṣe ètùtù tó yẹ kó so ó mọ́ ìlú rẹ̀. Ìyá Aláṣọ ti wo fíìmù yìí ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ó ní ọba tó bá sá fún ìbúra, olè ló fẹ́ jà. Fíìmù náà kò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wà lórí àga ló mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn náà.

Fíìmù òní

Ìyá Aláṣọ kì í ṣe ẹni tó ń sọ pé ayé ti bàjẹ́. Nígbà tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi Aníkúlápó hàn án, èyí tó jáde ní 2022, ohun tó kọ́kọ́ wí ni pé kí wọ́n dá a dúró, kí òun wo aṣọ. Sàró inú fíìmù náà, ahunṣọ ni. Ìyá wo òfì, ó wo àwọ̀ rẹ̀, ó wo ìkòkò amọ̀ àti ògiri ilé. Ó ní àwọn ọmọ yìí ṣe iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé Kúnlé Afọláyan tó ṣe é, ọmọ Adé Love ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́.

Ó tún gba ohun kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ. Ọmọ náà ní nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àtijọ́, obìnrin kò ju ìyàwó, orogún tàbí àjẹ́ lọ, ṣùgbọ́n Arọ́lákẹ́ inú Aníkúlápó ní ìpinnu tirẹ̀. Ìyá ronú díẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀sùn rẹ̀ sí fíìmù òní kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo. Àkọ́kọ́ ni ọfọ̀. Nínú àwọn fíìmù ogun bíi Jagun Jagun ti 2023, ìjà dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ọfọ̀ ti di ariwo tí wọ́n ń jù bí òkò. Ọfọ̀ ní ìdí, ó ní ìgbà, ó ní ẹni tó lè pè é. Èkejì ni àdàlù èdè. Nínú àwọn eré tó dá lórí ayé òde òní, ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì, Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta. Ọmọ Kétu tó ń sọ Faransé nílé ìwé, tó ń gbọ́ irú èyí nílé, èdè mẹ́ta ló ní, kò sì sí ọ̀kan tó pé. Ẹ̀kẹta ni ìdáwò. Olúkúlùkù fi nǹkan dí etí, ó tẹjú mọ́ fóònù tirẹ̀. Bí ìbéèrè bá wà, kò sí àgbà nítòsí tí yóò dáhùn. Bí irọ́ bá wà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ohùn wa dà?

Èyí tó dùn ún jù lọ ni pé nínú gbogbo fíìmù wọ̀nyí, àtijọ́ àti tuntun, ohùn Kétu ṣọ̀wọ́n. Yorùbá Ìbàdàn, ti Ọ̀yọ́ àti ti Èkó ló ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ti ìyá rẹ̀ á rò pé àṣìsọ ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni fíìmù kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ yìí. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí Paulin Soumanou Vieyra sí ní 1925. Òun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe Afrique-sur-Seine ní Paris ní 1955, ọ̀kan lára fíìmù àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú Áfíríkà ṣe. Pascal Abikanlou ṣe fíìmù gígùn tirẹ̀ ní 1974, nígbà tí Dahomey ṣì ń jẹ́ Dahomey. Ní 2006, Túndé Kèlání àti Amzat Abdel Hakim, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, pawọ́ pọ̀ ṣe Àbẹ̀ní, tí Èkó àti Kútọnu jọ wà nínú rẹ̀, tí Yorùbá àti Faransé jọ ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà ti là. Ẹni tí yóò gbà á ló kù.

Ohun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Ìyá Aláṣọ fi lé ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Èkínní, kí a ta aṣọ funfun síta ní ọjọ́ kan nínú ọdún, kí a wo fíìmù àtijọ́ kan àti tuntun kan, àgbà àti ọmọdé lórí ẹní kan náà, kí àgbà sì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì, kí àwọn ọ̀dọ́ fi fóònù tí wọ́n fi ń wòran gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, ní ohùn Kétu, ti Ṣábẹ̀ẹ́, ti Ìdáàṣà, ti Ifẹ̀ Atakpamé: ìtàn, òwe, orúkọ ohun èlò, bí a ṣe ń dáwọ́ lé iṣẹ́. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi mẹ́ta, nítorí pé fóònù tó kún, pípa là ń pa nǹkan inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n bi àwọn aláwo àti àwọn ìyá kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà sókè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí.

Bí fíìmù bá dé, ti àná ni o, ti òní ni o, ẹ fi òṣùwọ̀n Kétu wọ̀n ọ́n. Ṣé ó pa wá lẹ́rìn-ín? Ṣé ó bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí? Ṣé ó bọlá fún ìyá? Ṣé a lè padà sílé ní àlàáfíà lẹ́yìn rẹ̀? Èyí tó bá ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ pe ọmọ yín kó wá wò ó.

Odò kì í gbàgbé orísun. Àwọn ìyá wa kò ní bínú sí wa. Ojú wa kò ní rí ìbànújẹ́. A ó ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé, tọmọ-tọmọ, taya-taya. Ẹ kú ọdún o. Àṣẹ.